Lẹ́yìn tí wọ́n bá dá ọmọ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, ta ló ń tẹ̀ lé e délé?

Àdùkẹ́_Ọ̀jọ́ọ̀ (ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Polí ló ń lọ kí nǹkan tó yí padà. Ó kọ́kọ́ ń ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, kì í wẹ̀, kì í sùn, ó ní àwọn ará yàrá kejì ń sọ̀rọ̀ òun láìdáa, bẹ́ẹ̀ yàrá kejì ṣófo. Màmá wa gbé e lọ sílé àdúrà. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ibẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Nígbà tó yá, a gbé e dé ọsibítù, wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ àti oògùn, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Mo fẹ́ kí èyí yé gbogbo wa: ìtọ́jú náà jẹ́. Oorun padà sójú rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bíi tàtijọ́.

Ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá wọ́. Wọ́n fún wa ní ìwé oògùn, wọ́n kọ ọjọ́ tí a óò padà wá sára káàdì, ó parí. Kò sẹ́ni tó pè wá láti bèèrè bóyá ó ń lo oògùn tàbí kò lò ó. Nígbà tí oògùn tán, owó tí wọ́n ń tà á ti kúrò ní iye tí a mọ̀. Nígbà tí ọjọ́ àtipadà pé, ó ní òun ò lọ. Ó ní oògùn yẹn ń mú ọwọ́ òun gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu òun lójú àwọn ọ̀rẹ́ òun, ó sì tẹ́ òun. Iléèwé ní kó lọ sinmi fún sáà kan, kó mú ìwé wá pé ara rẹ̀ ti yá. Sáà kan náà ti di ọdún. Ní báyìí, ó ti tún ń bá àwọn tí a ò rí sọ̀rọ̀.

Ìbàdàn ni a wà, níbi tí UCH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì, wà. Àwọn dókítà ọpọlọ tó mọṣẹ́ wà níbí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Síbẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, kò sẹ́nì kankan. Ibẹ̀ ni ọmọ yìí já sí. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ta ló dúró níbẹ̀ fún yín?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Àdùkẹ́ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o, o kú ìrọ́jú. Bá mi kí ìyá yín.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àwọn alárùn ọpọlọ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí o sọ yìí sì dùn mí nítorí mo rí i títí tó fi sú mi. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ orí rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, fi hàn pé nínú àwọn tí àìsàn ọpọlọ máa ṣe láyé wọn, ìdajì ni tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 14, mẹ́ta nínú mẹ́rin sì ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé 24. Èyí tó ń jẹ́ kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ìparí ọdún ọ̀dọ́langba sí nǹkan bí ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ló máa ń yọjú jù. Ẹ wo ohun tó wà láàárín ọdún wọ̀nyẹn: wáẹ̀kì, JAMB, yunifásítì, ìsìnrúùlú, wíwá iṣẹ́. Gbogbo ohun tí ọmọ máa fi dènìyàn ló kó síbẹ̀.

Báwo ni àwa wá ṣe ṣètò ilé ìtọ́jú? A ní ti ọmọdé, a ní ti àgbà. Níbi púpọ̀, ọjọ́ tí ọmọ bá ti pé méjìdínlógún, ó di ti àgbà nìyẹn. Wọn a gbé e sí wọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú bàbá tó ti ń ṣàìsàn kí wọ́n tó bí i. Ọmọ yẹn á wo bàbá náà, á sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé: bí mo ṣe máa rí nìyí. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó sá kúrò ní wọ́ọ̀dù nítorí èyí nìkan.

Ní ti ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti itọ́ tó ń dà: oògùn ló ń ṣe é, kì í ṣe pé àbúrò rẹ ń purọ́ tàbí pé ó ń ṣagídí. Haloperidol, chlorpromazine, trifluoperazine, gbogbo àwọn oògùn àtijọ́ yìí lè fa gbígbọ̀n àti kí ara le gbandi. Dókítà lè dín in kù, ó lè fi benzhexol tì í lẹ́yìn, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Artane, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá. Olanzapine kì í sábà fa gbígbọ̀n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń mú èèyàn sanra. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ gbogbo èyí fún un kó tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Òun fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n sọ ọ́ fún, kó má jẹ́ ìyá rẹ̀ nìkan.

Ẹ má ṣe jẹ́ kó dá oògùn dúró lójijì o. Ẹ gbé e padà lọ, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é.

ỌmọÒkèÀdó

Ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe igbó ló mu? Colorado, igbó tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, ti ba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ́ ní àdúgbò wa.

Àdùkẹ́_Ọ̀jọ́ọ̀

Kò mu ún, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

ỌmọÒkèÀdó, òótọ́ ni pé igbó ń dá kún un, pàápàá fún ọmọ tó bá ti ń mu ún láti kékeré, tó sì ń mu ún lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí àìsàn yìí ń ṣe kò fẹnu kàn án rí. Bó bá tiẹ̀ mu ún, ìtọ́jú kan náà ló tọ́ sí i. Ìbéèrè yẹn ló máa ń jẹ́ kí àwọn òbí gbé ọmọ pamọ́, kí aráyé má baà sọ pé ọmọ wọn ń mugbó.

MoṢìWàNíbí

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín.

Èmi fúnra mi ni àìsàn ń ṣe, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Ọdún tí mo wọ yunifásítì ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn inú mi á dùn ju bó ṣe yẹ lọ, mi ò ní sùn, màá ná gbogbo owó ọwọ́ mi, màá máa pe àwọn èèyàn lóru. Lẹ́yìn náà màá wá dùbúlẹ̀, mi ò ní lè dìde wẹ̀.

Wọ́ọ̀dù tí mo dé, mi ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Wọn ò lù mí, wọn ò fìyà jẹ mí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, màmá mi ni dókítà ń bá sọ̀rọ̀, èmi jókòó síwájú wọn bí àga. "Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó sùn?" Mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Òyìnbó, ẹ bi mí! Ọmọ tí wọn ò bá bá sọ̀rọ̀ kò ní mọ orúkọ oògùn rẹ̀, kò ní mọ ohun tó ń ṣe é. Bí wọ́n bá dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ló fẹ́ fi tọ́jú ara rẹ̀?

Mo fẹ́ kí gbogbo ọ̀dọ́bìnrin tó wà níbí ka èyí. Sodium valproate ni wọ́n fún mi. Ó ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n dókítà mìíràn, ní ilé ìwòsàn mìíràn, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún mi pé oògùn yẹn léwu gan-an fún ọmọ inú, pé ó lè jẹ́ kí wọ́n bí ọmọ náà pẹ̀lú àléébù, kó sì pa ọpọlọ rẹ̀ lára, àti pé obìnrin tó ṣì lè lóyún kò yẹ kó máa lò ó láìjẹ́ pé wọ́n ti jókòó bá a sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá mo ní ọ̀rẹ́kùnrin. Bóyá wọ́n rò pé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú kò ní rẹ́ni fẹ́. Ẹ bèèrè o. Ẹ má sì dá a dúró fúnra yín, ẹ lọ bá dókítà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó dúró fún mi ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ń fi fóònù rán mi létí oògùn lálẹ́. Ó ń bá mi lọ sí kílíníìkì, ó ń dúró síta, kò wọlé àfi tí mo bá ní kó wọlé. Nígbà tí ìyá àdúgbò wa kan rí mi níbi tí mo ti ń sá aṣọ, tó ní "wèrè dùn-ún wò, kò ṣé é bí lọ́mọ," ẹ̀gbọ́n mi jáde sí i, ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, obìnrin yẹn kò tún sọ ọ́ mọ́. Mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo ń rán aṣọ. Mo ṣì ń lo oògùn.

Táyé_Àpẹtẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Apá ti owó ni kí n sọ, torí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi.

Ètò adójútòfò ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tí a mọ̀ sí NHIS kí òfin 2022 tó sọ ọ́ di NHIA, ohun tó gbà wọlé ni òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé méjìdínlógún. Ẹ tún un kà. Bàbá ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ètò náà tọ́jú ọmọ yìí nígbà tí ibà ń ṣe é ní kékeré. Ọdún tí àìsàn ọpọlọ yọ sí i, ó ti kọjá méjìdínlógún, ó ti bọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Wọ́n á ní akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò tirẹ̀, TISHIP. Bẹ́ẹ̀ ni, kílíníìkì iléèwé wà, ní UI gbogbo wa mọ Jájá. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni ètò yẹn wà fún. Tí iléèwé bá ní kó lọ jókòó sílé nítorí àìsàn, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni? Tó bá jáde ńkọ́? Tó bá sìnrúùlú tán tí kò ríṣẹ́? Láàárín bàbá tó ń san án fún un àti ọ̀gá tó máa gbà á síṣẹ́, ọdún méjì mẹ́ta lè wà níbẹ̀ tí ọmọ ò ní adójútòfò kankan, ọdún yẹn gan-an sì ni àìsàn ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá wà ní Ọ̀yọ́, ìpínlẹ̀ ní àjọ adójútòfò tirẹ̀, OYSHIA, téèyàn lè forúkọ sílẹ̀ sí lóun nìkan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé hàn yín bóyá wọ́n ń san owó wọ́ọ̀dù ọpọlọ àti oògùn oṣooṣù. Ẹ má gba ti ẹnu.

Alhája_Òjé

E pele o. Omo omo mi lo n ba mi te e. Omokunrin mi n rin kiri ni Beere, eni odun metadinlogbon ni. O ti gba itoju ri, ara re ya, o n ko ise telo. Igba ti babaa re ku, ko si owo oogun mo. Mo maa n gbe ounje lo ba a. Ojo miran o mo mi, ojo miran ko mo mi. E ba mi wa ona.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Alhája, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọlọ́run á dúró tì yín. Oúnjẹ tí ẹ ń gbé lọ yẹn, ẹ má dá a dúró, torí ẹni tó bá ṣì ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n ṣì lè bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ọmọ ọmọ yín bá yín lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó ní ẹ̀ka ọpọlọ ní ọjọ́ kílíníìkì, kí ẹ bèèrè fún òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdílé àti owó, medical social worker ni wọ́n ń pè é. Ẹ sọ fún wọn pé ó ti gba ìtọ́jú rí, ara rẹ̀ sì yá. Bí káàdì rẹ̀ àtijọ́ bá ṣì wà nílé, ẹ mú un dání. Ìyẹn á jẹ́ kí wọ́n mọ oògùn tó gbọ́ràn sí i lára. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni tàn yín lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn mọ́lẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Agbẹjọ́rò_Agodi

Lórí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí Nọ́ọ̀sì Àgbà dárúkọ: ní 2019, àjọ Human Rights Watch tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn lọ sí ibi 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Abùjá, ọsibítù ìjọba wà nínú rẹ̀, ilé àdúrà Kírísítẹ́nì àti ti Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n sì rí àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Nígbà náà, òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà ṣì ni òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣe ní 1916, tí wọ́n tún tẹ̀ ní 1958. Oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Buhari tó buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Òfin tuntun yìí lòdì sí dídè èèyàn mọ́lẹ̀, ó ní aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ìtọ́jú tí wọ́n ń fún un kó sì fọwọ́ sí i, ó sì ní kí wọ́n má ṣe tìtorí àìsàn yìí fi iṣẹ́ tàbí ilé dù ú. Òfin àpapọ̀ ni. Ìlera kì í ṣe ti Abùjá nìkan, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e wálẹ̀ kó tó dé wọ́ọ̀dù àti abúlé.

Àdùkẹ́, ní ti iléèwé: òfin mìíràn wà tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, tó lòdì sí fífi ìyà jẹ àwọn aláàbọ̀ ara, àìlera ọpọlọ sì wà nínú ohun tó kà sí. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ bèèrè ọjọ́ àti ohun tí wọ́n ń béèrè fún kó tó padà wọlé. Lẹ́tà ni o, kì í ṣe ìpè fóònù.

ỌmọÌbàdàn_Manchester

Ẹ kú ilé o. Nọ́ọ̀sì ọpọlọ ni mí níbí, Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́.

Ohun tí Àdùkẹ́ ń bèèrè, orúkọ wà fún un níbí, early intervention ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ́ tí àìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí lára, ikọ̀ kan pàtàkì ló ń gbà á. Láti 2016, ìlànà ìjọba ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n bá ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹnì kan ní orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni yẹn á pè é, á lọ sílé rẹ̀, á bá iléèwé sọ̀rọ̀, á bá ìyá rẹ̀ jókòó, fún ọdún bíi mẹ́ta. Melbourne ní Ọsirélíà ti ní irú rẹ̀ láti 1992. Ìdí tí wọ́n fi ń yára ni pé bí àìsàn bá ṣe pẹ́ láìsí ìtọ́jú tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwòsàn rẹ̀ ń nira tó.

Ẹ má rò pé ọ̀run la wà o. Níbí náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń sọnù nígbà tí wọ́n bá pé méjìdínlógún tí ẹ̀ka ọmọdé bá ní kí wọ́n máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tó mọ orúkọ ọmọ, tó sì ń pè é, ẹ̀rọ kan ò sí nínú ìyẹn. Fóònù àti owó mọ́tò ni. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù tí mo bá rántí ilé.

Bàbá_Ìdí_Apé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ ń wá lọ sí Melbourne, ilẹ̀ Yorùbá ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró, l'Ábẹ́òkúta. Kò dúró de kí ilé ìwòsàn parí. Ó lọ bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí i ká, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí ìbátan kan bá aláìsàn wá, kí ó máa dáná fún un, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù lójúmọmọ, kí wọ́n sì padà sí abúlé nírọ̀lẹ́. Wọ́n ń ro oko, wọ́n ń lọ sí ibi ayẹyẹ pẹ̀lú àwọn ará abúlé. Gbogbo ayé wá wò ó. Lambo yìí náà ló wá di ọ̀gá ẹ̀ka ọpọlọ ní Ìbàdàn níbí, kó tó lọ di igbákejì ọ̀gá àgbà ní àjọ ìlera àgbáyé.

Ìbátan tó bá a wá yẹn ni kókó. Wọn ò dá aláìsàn sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan, torí ìbátan náà ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Nọ́ọ̀sì_Mọníyà

Ẹ ṣeun bàbá. Ilé ìwòsàn alábọ́dé ni mo wà, iṣẹ́ wa kò kọjá ìgbẹ̀bí, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ibà lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan níbí àti ní Kumasi ní Gánà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2020. Aláìsàn 307 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn wà lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ tàbí ilé àdúrà. Ní apá kan, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé ń lọ bá wọn níbẹ̀, ó ń fún wọn lóògùn, ó ń bá wòlíì tàbí bàbá oníṣègùn sọ̀rọ̀ kí wọ́n má fìyà jẹ aláìsàn. Ní apá kejì, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn ti apá kìíní yá ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹni tó lọ bá wọn kì í ṣe dókítà ọpọlọ. Irú èmi yìí ni.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní kò sí dókítà tó máa tẹ̀ lé ọmọ délé, òótọ́ ni. Gbogbo dókítà ọpọlọ tó wà ní Nàìjíríà kò tó 300, àwa sì ti ju mílíọ̀nù 200 lọ. Ìwádìí mìíràn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Gureje náà tẹ̀ jáde ní 2006 sọ pé nínú àwọn tí àìsàn wọn le jù, bíi 8 nínú 100 péré ló rí ìtọ́jú kankan ní oṣù 12. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló wà n'Ìbàdàn, ilé ìwòsàn alábọ́dé wà káàkiri wọn. Kí ọsibítù ńlá fi orúkọ ọmọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ránṣẹ́ sí èyí tó sún mọ́ ilé rẹ̀, kí ọmọ náà sì fọwọ́ sí i. Ìwé kan péré ni. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ibi iṣẹ́ mi, kò sí ọsibítù kan tó fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Àwọn ìdílé fúnra wọn ni wọ́n ń wá, ìgbà tí nǹkan bá sì ti bàjẹ́ ni.

Kẹ́mísìtì_Dùgbẹ̀

Ọ̀rọ̀ oògùn díẹ̀. Ní 2023, náírà já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ oògùn GSK kéde pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, Sanofi náà tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà. Ohun tí ẹ ń rí lórí owó oògùn, ibẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ẹ ní kí dókítà kọ orúkọ oògùn gan-an, kó má jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́, kí ẹ lè ra èyí tí owó rẹ̀ wálẹ̀. Bí ẹ kò bá lè ra ti oṣù kan, ẹ ra ti ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ẹni tó ní ìwé àṣẹ, ó sàn ju kí ẹ máa lò ó lọ́jọ́ kan kí ẹ fo ọjọ́ kejì. Ẹ má rà á lórí àtẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo asofẹ́yẹjẹ pọ̀ mọ́ ọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún dókítà. Ewé yẹn lágbára lóòótọ́, reserpine wà nínú rẹ̀, ó ń mú ara balẹ̀, ó sì ń fa ìfúnpá wálẹ̀. Tí ó bá pàdé chlorpromazine lára ọmọ, ó lè ṣubú lulẹ̀ lójijì.

Àdùkẹ́_Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. A padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kí dókítà bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo jáde síta gẹ́gẹ́ bí MoṢìWàNíbí ṣe wí. Ó pẹ́ nínú ilé. Wọ́n ti pààrọ̀ oògùn rẹ̀ sí olanzapine, wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa dín èyí àtijọ́ kù, ó sì gbà láti lò ó, ó ní òun fúnra òun ló yàn án. Màmá wa ti bá wòlíì sọ̀rọ̀ pé àdúrà á máa lọ, oògùn náà á máa lọ.

Nọ́ọ̀sì Mọníyà, ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà lẹ́bàá wa ní àwọn á gbà á, kò sì ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ láti ilé wa. Kí ni kí n gbà lọ́wọ́ dókítà fún wọn? Kí ni kí wọ́n máa wò lára rẹ̀?

MoṢìWàNíbí, ó ní kí n bi yín bóyá ẹ lè bá òun sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tí irú rẹ̀ ṣe, tó sì ń ṣiṣẹ́.

MoṢìWàNíbí

Kó kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ níbí. Ìgbàkígbà.

Nọ́ọ̀sì_Mọníyà

Inú mi dùn, àǹtí. Ẹ gba ìwé tí dókítà fọwọ́ sí, kó kọ orúkọ àìsàn, orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ìgbà tó máa lò ó, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àti nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Olanzapine lè mú kó sanra, kó sì mú ṣúgà ara gòkè. Kí wọ́n wọn bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó àti ìbàdí rẹ̀ báyìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wo ìfúnpá àti ṣúgà rẹ̀, kí wọ́n sì tún máa wò ó ní oṣooṣù fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Tó bá ń mu omi jù, tó sì ń tọ̀ jù, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Kẹ́yin pẹ̀lú nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fẹnu kò lórí ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tó máa máa pè é. Kó pe fóònù ọmọ náà o, kì í ṣe tiyín.